Igbó Tí Ẹ̀rù Ń Ṣọ́

Bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń la pákó lọ́nà Àkùngbá, tí òórùn ìrókò tútù gbòde, ńṣe ni mo máa ń fi etí ìborùn bo imú. Àwọn ọmọ mi rò pé eruku ni mò ń sá fún. Ojú ló ń tì mí.

Ní Ọ̀kà tí mo dàgbà sí, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, igbó kan wà lẹ́sẹ̀ òkè lẹ́yìn ilé wa, tí ẹnikẹ́ni kò dáko sí rí. Inú rẹ̀ ni omi tí gbogbo àdúgbò ń mu ti ń ṣàn wá. Yèyé, ìyá bàbá mi, a máa kìlọ̀ pé iwin ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í bọ̀. Bí ewúrẹ́ bá ṣèèṣì yà síbẹ̀, ó di ti iwin nìyẹn.

Èmi àti Ràbíátù, ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Ìkàrẹ́, kò gbọ́n. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àgbà lọ sóko, a di ara wa lọ́wọ́ mú, a wọnú igbó náà. Mò ń ka “Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run”, òun ń ké bísímílà; iwin yòówù kó jáde, a ti múra dè é. Ibẹ̀ tutù. Gbòǹgbò àràbà kan ga ju orí wa lọ. Àgbálùmọ̀ wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ, a jẹ ẹ́ títí ètè wa fi lẹ̀ mọ́ra. A ò rí iwin kankan.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lanu níléèwé pé, “Kò sí nǹkan kan níbẹ̀!”

Àwọn ọmọ sọ fún ìyá wọn, àwọn ìyá wọ igbó náà lọ ṣẹ́gi ìdáná. Kò pẹ́, àwọn onígẹdú gbé ayùn ẹlẹ́ńjìnnì dé, wọ́n ń gé àwọn ìrókò ibẹ̀. Yèyé kò nà wá. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí igi ṣe ń wó.

“Ta ló sọ fún yín pé a ò mọ̀? Gbogbo wa la wọ̀ ọ́ ní kékeré. Gbogbo wa la bọ̀, tí a pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rù yẹn ni ọgbà tí a fi yí i ká.”

Odò náà gbẹ. Ràbíátù ti kú. Èmi nìkan ni ẹjọ́ náà kù sí lọ́rùn. Àràbà yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù, nítorí igi rẹ̀ rọ̀ jù fún pákó. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ-ọmọ mi obìnrin débẹ̀. Mo ní, “Má fọwọ́ kàn án o, iwin ń bẹ níbí.”

Ó wo àwọn kùkùté yí ká, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá àgbà, kò sí nǹkan kan níbí.”

Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí.