Òkun Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Yàn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé ìgbà òtútù ti dé nílé bọ̀ọ̀dá mi, kò dìgbà tó bá wojú ọ̀run. Kó ṣáà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, kó tẹ́tí. Tó bá ti gbọ́ "òkè," tó tún gbọ́ "òkun," tí obìnrin kan ń pòṣé, tí ọkùnrin kan ń rẹ́rìn-ín, ìgbà òtútù ti dé nìyẹn. Ìgbà yẹn ni ibi iṣẹ́ àwọn méjèèjì máa ń tì fún ìsinmi, àríyànjiyàn ibi tí wọ́n máa lọ ló sì bá wọn dàgbà.

Bọ̀ọ̀dá mi fẹ́ lọ sórí òkè, níbi tí yìnyín ti ń já bọ́ látojú ọ̀run bí òwú, tó ń bo ilé, tó ń bo igi. Ìyàwó wa fẹ́ lọ sétí òkun, níbi tí oòrùn ti ń ràn nígbà tí àwa tó kù ń gbọ̀n. Mo ń pè é ní ìyàwó wa o, ó fi ọjọ́ orí jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe wọlé, ìyàwó mi ni. Òun náà kì í pè mí lórúkọ. Eyínmẹ́nugún ló ń pè mí. Ó ní eyín mi lòun ń yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu mi ló ní lọ́kàn.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe yìnyín ni bọ̀ọ̀dá mi ti lo ayé rẹ̀. Òun ló ń yọ yìnyín ńláńlá kúrò nínú páànù, tó ń fi ayùn rẹ́ ẹ, tó ń fi ìkọ́ irin wọ́ ọ lọ sídìí ọkọ̀ àwọn ẹlẹ́ja. Oníyìnyín làdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ọwọ́ rẹ̀ kì í móoru mọ́, àní nínú oòrùn ọ̀sán. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á yọ́ lọ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, á fọwọ́ kàn án lọ́rùn. Ìyàwó á fò sókè: "Yéè! Òkú ti dì mí mú o!" Àwa tó wà níjòókòó á bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó alára ńkọ́? Alágbàfọ̀ ni. Ìdí áyọ́ọ̀nù ló ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́, nínú yàrá tí ooru rẹ̀ ń lé ènìyàn jáde. Ọwọ́ tirẹ̀ máa ń gbóná bí ìdí ìkòkò.

"Ẹ gbà mí o," mo máa ń sọ fún wọn. "Ẹni tó ń gbé inú òtútù ní òtútù lòun ń lọ wò. Ẹni tí ooru ń sè lójoojúmọ́ ní òun ń lọ yáàrùn. Ṣé orí ẹ̀yin méjèèjì pé báyìí?"

Bọ̀ọ̀dá mi á ní, "Èyí tí ẹ̀rọ ṣe ni mo mọ̀, àbúrò. Mo fẹ́ rí èyí tí Ọlọ́run ṣe fúnra rẹ̀."

Ìyàwó á ní, "Ooru tí kò sí ẹ̀wù oníbàárà nínú rẹ̀ lèmi ń wá, Eyínmẹ́nugún. Kí n kàn jókòó síbẹ̀ kó máa yá mi lára."

Wọn ò lọ. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ń rìnrìn àjò. Lọ́dún kan òrùlé ń jò, lọ́dún mìíràn ọmọ fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún kan wà tó kù díẹ̀ báyìí. Òkè ló borí lọ́dún náà, wọ́n tilẹ̀ ra kóòtù nínípọn kan fún bọ̀ọ̀dá mi, tó nírun lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ tí wọn ì bá gbéra ni ìyá wa kú. Ni wọ́n bá so kóòtù rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, ibẹ̀ ló sì wà. Bí ìgbà òtútù bá ti dé, ìyàwó wa á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á gbọn eruku rẹ̀, á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á tún so ó padà. Òkun lòun fẹ́ o, ṣùgbọ́n òun ló ń tọ́jú kóòtù òkè.

Ìgbà tí bọ̀ọ̀dá mi fẹ̀yìntì, a ní ayé ti yá. Kò tí ì gbádùn ìsinmi náà rárá tí àìsàn fi gbé e dè. Ó ń wọ bàtà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọwọ́ ọ̀tún kọ̀ jálẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé e, ẹnu wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó pẹ́ lọ́sibítù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu, a dúpẹ́, a jó, àfi ìgbà tá a wá rí i pé ọ̀rọ̀ nìkan ló padà, ohùn ò bá a wá. Gbogbo ohun tó bá sọ á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní lọ sókè, kò ní wá sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ èdè yìí, ẹ mọ̀ pé ohùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gba ohùn lẹ́nu wa, kí ló kù?

Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí pálọ̀, ó ń pariwo, "Ewa! Ewa!" Ìyàwó wa sáré ṣa ẹ̀wà, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e kaná. Ẹ̀wà ń hó, bọ̀ọ̀dá mi ń pariwo. Ìgbà tá a débẹ̀, a rí i pé ó ti fẹ́ yọ̀ ṣubú lórí àga, "Ẹ wá, ẹ wá" ló ń wí látàárọ̀. A gbé e dìde, a rẹ́rìn-ín títí, òun náà fi ìlàjì ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bá a bá ń sunkún, à máa ríran. A jẹ ẹ̀wà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí ìgbà òtútù tún dé, ọmọ wọn obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ta bàtà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, gbé àwòrán méjì wá. Ó ní àbùṣe ti bùṣe. Òun ti tọ́jú owó, Dádì àti Mọ́mì gbọ́dọ̀ lo ìsinmi tí wọ́n ti ń fi ẹnu lò láti kékeré òun. Ó ti bi dókítà, dókítà ní bí kò bá ti rẹ bàbá, kò séwu. Ó ní Dádì ló máa yan ibi tí wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a yàn án. Gbogbo wa mọ ohun tó ń wí. A ò mọ̀ bóyá ìgbà òtútù mìíràn á tún bá a láyé.

Ó tẹ́ àwòrán méjèèjì sí bọ̀ọ̀dá mi lẹ́sẹ̀. Òkè rèé pẹ̀lú yìnyín, òkun rèé pẹ̀lú oòrùn. "Dádì, èwo ni?"

Bọ̀ọ̀dá mi wo àwòrán, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lórí òkè. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ẹnu tì, ó gbé e tì, ó wá ní, "Okun."

Ìyàwó wa pariwo. "Ẹ gbọ́ o! Òkun! Wọ́n ní òkun!" Ó sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá mi ń mi orí. Orí rẹ̀ ti máa ń mì látìgbà àìsàn, kò sẹ́ni tó kà á sí. "Okun," ó tún wí. "Okun."

Mo bi í, "Bọ̀ọ̀dá, òkè yín ńkọ́? Ẹ fẹ́ fi jì í?" Ó wò mí, ó dijú. Ọmọ ti ń nu ojú. Kí la máa rò? Ọkùnrin tó ti ń jà fún òkè látìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú, tó wá fi í sílẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀. Ohun tó bá wu ọkàn, òun letí máa ń gbọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kò fún ọmọ láyè, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn láti máa ti àga onítáyà. Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ń sùn, ó ń jí. Nígbà tá a débẹ̀, oòrùn ń ràn bí ẹni pé kò gbọ́ pé òtútù wà láyé. Táyà àga ò lè yí nínú iyanrìn, àfìgbà tí ọkùnrin méjì tá ò mọ̀ rí bá wa gbé e. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ wà ní ìhòòhò láti ìbàdí sókè, bọ̀ọ̀dá mi ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ìyàwó wa ti di kóòtù onírun yẹn sínú ẹrù, ó ní ibi yòówù kí wọ́n lọ, kóòtù ọ̀hún á bá wọn lọ. A wọ̀ ọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó sínú iyanrìn gbígbóná nínú kóòtù òkè, àwọn ọmọdé ń nàka sí i. Mo wo àwọn òbí wọn pẹ̀lú ojú burúkú.

Ìyàwó wa bọ́ bàtà. Ó kó etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó wọ omi dé kókósẹ̀, ó kígbe bí ọmọdébìnrin. N ò rí i kó yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, Ọlọ́run ń gbọ́. Ó sáré padà, omi ń kán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ fi òkè yín sílẹ̀ torí mi. Ẹ ò ní fi mí sílẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Okun mi ti tan."

"Òkun kì í tán, Bàbá. Ẹ wò ó bó ṣe lọ salalu."

Ó mi orí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo rí i pé ó ń mì ín fúnra rẹ̀ ni. Ó gbé ọwọ́ òsì tó ṣì yè, ó fi lé ọwọ́ ọ̀tún tó ti kú, ó gbé e kúrò níbẹ̀, ó fi lé àyà. "Okun," ó ní. "Ti tan. Ile."

Ìyàwó wa fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Okun! Háà! Okun lẹ̀ ń wí? Okun ara yín?"

Bọ̀ọ̀dá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ wọ inú irun kóòtù. Kò yan òkun, kò yan òkè. Ó ń sọ fún wa ní pálọ̀ ọjọ́ yẹn pé okun òun ti tán, pé òun ò lè lọ síbì kankan, ká fi òun sílé. Àwa ńkọ́? À ń jó. Okun inú la fi ń gbé tìta, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìyókù okun tó kù nínú ọkùnrin yẹn, a ti fi rìnrìn àjò.

"Ẹ wa," ó ní. Kò sẹ́ni tó lọ gbé ẹ̀wà kaná. A sún mọ́ ọn, ìyàwó rẹ̀ gbé orí lé e nítan, èmi di èjìká rẹ̀ mú, a sì wà níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀.

Kùtùkùtù ọjọ́ kejì la wọ ọkọ̀ padà. Àjò kì í dùn kónílé má relé. Ìyàwó wa di ọwọ́ rẹ̀ mú nínú tiẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: tá a bá délé, òun á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun á ṣí fèrèsé, òun ò tún ní dárúkọ òkun mọ́. Ọ̀nà ti ń tán lọ nígbà tí obìnrin tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wo bọ̀ọ̀dá mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.

"Ẹ má jí wọn, ẹ jọ̀ọ́," ìyàwó wa wí. "Ó rẹ̀ wọ́n."

"Mà, ọwọ́ wọn tutù."

"Bí ọwọ́ wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Iṣẹ́ yìnyín ni wọ́n ṣe."

Obìnrin náà gbójú sókè wò mí. Èmi ni mo kọ́kọ́ ké.

A ò sọ ọ̀rọ̀ okun fún ọmọ. Owó rẹ̀ ló ná, ìfẹ́ ló fi ná an. Kó máa rò pé bàbá òun rí ohun tó yàn kó tó lọ. Èmi àti ìyàwó wa fi ṣe àdéhùn láàárín ara wa, a sì mú un ṣẹ títí ìgbà òtútù fi yípo dé.

Mo wà lọ́dọ̀ ìyàwó wa lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọlé. Ìyá rẹ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù.

"Mọ́mì, ilé yìí ti dákẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká lọ síbì kan, èmi àti ẹ̀yin àti Àǹtí wa tó jókòó yìí. Òkè ni àbí òkun?"

Ìyàwó wa kò gbórí sókè. "Ọmọ mi, n ò lókun mọ́."

"Kò burú. Bí ẹ ò bá fẹ́ òkun mọ́, òkè náà ni ká lọ. Dádì ṣáà fẹ́ òkè tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó yí ọkàn padà."

Ẹnu mi ni, ẹ mọ̀ ọ́n. N ò tí ì rò ó tí mo fi jágbe. "Ta ló ní wọn ò fẹ́ òkun? Okun ni ìyá rẹ ní òun ò ní! Okun! Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́ nínú ilé yìí ni?"

Ọmọ náà wò mí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo kóòtù tó wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, n ò sì rí ohun tí mo lè fi dá a dúró mọ́. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Dádì náà," ó ní. "Lọ́jọ́ tí mo gbé àwòrán wá."

Ìyàwó wa pa áyọ́ọ̀nù, ó jókòó tì í nílẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó gbóná bo ọwọ́ ọmọ. Èmi náà jókòó. A ò lọ síbì kankan.