Ìyá Tó Ń Wẹ Òkú Lẹ́nu Ọ̀nà Màámi

Òórùn kánfọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn, kí n tó gbọ́ àsàlámù àlékùn rárá. Mo wà lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Bẹyẹrunka, mò ń fọ abọ́ tí a fi mu ẹ̀kọ, ọwọ́ mi sì dúró sínú omi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ládùúgbò yẹn, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Àpótí aṣọ gbogbo ìyá àgbà ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó rán èmi létí. Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí ìyá bàámi kú, òórùn yẹn ló wọlé wa, obìnrin kan náà ló sì gbé e wá.

Ìyá Ráfátù ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Tí obìnrin Mùsùlùmí bá kú láti Ọ̀rányàn títí dé Ọjà'ba, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kó wá wẹ òkú náà. Àwa ọmọdé kì í gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí a bá rí i tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, òdìkejì títì la máa ń gbà, kó má baà wò wá tán kó mọ bí a ṣe gùn tó, kó lọ gé aṣọ òkú wa sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí lásìkò yẹn. Télọ̀ ni màámi. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì ni maṣíìnì rẹ̀ wà, ìró rẹ̀ la fi ń jí. Lójijì ni wọ́n ní màámi rìnrìn àjò, ó sì pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó ti rù, ó wọ bùbá ńlá kan tí kì í ṣe tirẹ̀, ó fi ìborùn bo àyà nínú ooru. Kò gbé ọwọ́ òsì sókè mọ́. Wọ́n da aṣọ bo maṣíìnì. Kò bá wa dé balùwẹ̀ ilé mọ́, inú yàrá ló ń wẹ̀, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Mo bi bàámi, ó ní ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Mo bi àbúrò bàámi, ó ní ibà ni. Mo bi màámi fúnra rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, kí ọlọ́pàá lọ jẹun.

Ọlọ́pàá lorúkọ tó fún mi, torí n kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ń lọ ra aṣọ l'Ójèé, ọwọ́ rẹ̀ ni màá wò nígbà tó bá dé. Màámi a máa rẹ́rìn-ín, a ní, “Ọmọ yìí á bi màláíkà pé ta ló rán an.” Irú mi ni wọ́n wá ń parọ́ ibà fún.

Àwọn ìyàwó ilé gan-an ló dá kún un. Wọ́n ya ife màámi sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá wá kí i, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Bí mo bá ti yọ, ọ̀rọ̀ á yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ata tó wọ́n. Wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi, mo sì ti pinnu lọ́kàn ara mi pé ikú ni.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Ráfátù wọlé láàárọ̀ yẹn pẹ̀lú obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀, ọwọ́ wọn ni mo wò. Òun fúnra rẹ̀ gbé búta dání, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀kan mú kànìnkànìn tuntun, èkejì ká aṣọ funfun sápá. Wọ́n ní kí àwọn ará ilé bá àwọn gbé omi kaná. Bí wọ́n ṣe ṣe fún ìyá bàámi náà nìyẹn, kò lé, kò dín. Ìyàwó ilé kan tó ń dáná mójú kúrò. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní wọ́n ti mọ̀ pé màámi máa kú lónìí, wọ́n wá tètè dé.

Wọ́n gbé búta sílẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ bàtà. Mo gbé e. Mo sáré gbé e sábẹ́ maṣíìnì, mo fa aṣọ bò ó, mo sì padà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá màámi, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wá búta títí, wọn ò rí i. Ìgbà tó yá ni Ìyá Ráfátù bojú wolẹ̀, ó bi mí bóyá mo rí i. Ó ní kí n dìde kí àwọn ráyè wọlé.

“Màámi ò tíì kú,” mo sọ fún un. “Ẹ máa lọ.”

Mo ń retí ìfọ́tí, torí nígbà yẹn kò sí àgbàlagbà tí kò lè gbá ọmọ ọlọ́mọ létí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó di orúnkún mú, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òórùn kánfọ̀ gba imú mi kan.

“Òótọ́ ni, kò tíì kú,” ó ní. “Ìdí tí mo fi wá nìyẹn.”

Ó wá ké sí màámi pé Ìyá Sìdí, ọlọ́pàá yín ò jẹ́ ká kọjá o. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: “Ẹ jẹ́ kó bá yín wọlé. Tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i, kò ní í gbà.”

Mo rí i. Ọmú ọ̀tún wà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Níbi tí tòsì wà, àyà pẹrẹsẹ ni, ojú rírán sì gba ibẹ̀ lọ sí abẹ́ apá. Ọmọ télọ̀ ni mí, mo wo rírán náà, mo rí i pé ẹni tó rán an fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo bú sẹ́kún. Wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún mi, jẹjẹrẹ ọmú. Ọsibítù ni ìrìn àjò tí wọ́n ń wí. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ní kí ojú egbò mọ́ tónítóní, kó má sì fi apá yẹn ṣiṣẹ́ agbára. Nínú ilé wa, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án, wọ́n rò pé ó ń ràn.

Màámi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ti jogún ìfura mi. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá wá wò ó láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà á ti dé Ọjà'ba kí oòrùn tó mú. Ẹnìkan ṣoṣo ló fọkàn tán, òun fúnra rẹ̀ ló sì ránṣẹ́ pè é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tó wẹ òkú kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí lára òkú fún ẹnikẹ́ni. Màámi ní ẹni tó ti pa irú àṣírí yẹn mọ́ látọjọ́ yìí, òun lè bọ́ aṣọ níwájú rẹ̀.

Ìyá Ráfátù fi abọ́ bu omi, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yẹ ojú egbò sílẹ̀. Mo bi í pé ṣé kò bà á lẹ́rù ni.

“Àwọn tó fi í pa mọ́ títí dójú ikú,” ó ní, “èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ rí i, tí kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́. Ó ti sú mi.”

Obìnrin tó mú kànìnkànìn gbé e sílẹ̀. Ó ká bùbá tirẹ̀ sókè. Ojú àpá tirẹ̀ ti pẹ́, ó ti jinná. Ìgbálẹ̀ ló ń tà ní Bẹẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń rà á láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n ò sì fura rí. Èmi ọlọ́pàá! Màámi na ọwọ́ ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ojú àpá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Iṣẹ́ ọlọ́pàá mi parí, mo lọ gbé búta wá lábẹ́ maṣíìnì.

Sátidé Sátidé ni wọ́n ń wá títí apá màámi fi gbé sókè. Ìyókù aṣọ funfun tí wọ́n fi ń nu ara rẹ̀ ló fi rán nǹkan kékeré, ó ki òwú sí i, ó tì í bọ kọ́mú, ó sì rán ọ̀kan fún oníìgbálẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí Ìyá Ráfátù náà lọ, màámi wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́. Mo bi í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kí ló rí. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lábẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá mi.

Èmi náà ti ń gba ìtọ́jú báyìí, àwọn obìnrin àsàlátù màámi sì ń wá sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí n má jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nígbà tí mo fọwọ́ kan kókó kan nínú ọmú mi, n ò sọ fún ọkọ mi, n ò sọ fún ọ̀rẹ́. Mo ti mọ ẹni tó máa gbé e sórí Wasáàpù pé kí wọ́n bá wa gbàdúrà. Dókítà sọ̀rọ̀, mo ní irọ́ ni, owó ló ń wá. Mo ń lo ìborùn nínú ooru, mo ń ti balùwẹ̀ mọ́rí. Màámi wá kí wa, ó wo ìborùn náà, ó sì sùn lọ́dọ̀ wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo wà nínú balùwẹ̀, òórùn kánfọ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Àgbà ti dé sí màámi náà, àpótí rẹ̀ ti ń rùn bíi ti gbogbo wọn. Mo gbọ́ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń mí gúlegúle. Mo rántí ara mi ní kíláàsì karùn-ún, ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà màámi lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Òun sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù lójú ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù. Èmi tí mo ti dàgbà ju màámi ìgbà yẹn lọ, omi ni mo ṣí kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

“Ọlọ́pàá,” màámi ní, “o ò tíì kú. Ṣílẹ̀kùn.”

Mo ṣí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò: búta ló gbé dání.