Ìwé Tí Ìyá Fojúrí Kò Fọwọ́ Sí

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin kan fi ránṣọ nílé iṣẹ́ kan kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dìbò yàn án sínú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Mẹ́ta péré ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ àwọn ọ̀gá tó ń darí ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n bá rí fún àwọn tó ni ín. Ìyá Fojúrí ni wọ́n ń pè é, torí kì í gba ohun tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí.

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹfà, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Orúnkún ń dùn ún, ìpàdé ti sú u. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alága ìgbìmọ̀ ti ìwé kan síwájú rẹ̀. Ìwé náà ní àwọn alábòójútó ti yẹ gbogbo ilẹ̀kùn téèyàn lè gbà sá jáde nígbà iná wò, pé gbogbo wọn ló ń ṣí.

"Ìyá, ẹ bá wa fọwọ́ sí i, ká tètè máa lọ."

"Ta ló yẹ̀ wọ́n wò?"

"Ọ̀gá àgbà ní kò síṣòro."

"Àwa ni ìwé yìí ní ó lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ṣé ẹ lọ?"

Alága gbójú sókè, ó ń wo àjà.

Ìyá rọra gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta. Ó bá ṣéènì àti àgádágodo lára ilẹ̀kùn, lẹ́yìn ìdì aṣọ. Igba èèyàn ló ń ránṣọ níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lára wọn. Kò tiẹ̀ lágbára láti bínú.

Kò fọwọ́ síwèé. Òfin fún alábòójútó láṣẹ láti pe àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sípàdé, ó sì pè wọ́n. Nígbà tó sọ ohun tó rí níbẹ̀, ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín: "Màmá ti dàgbà, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì."

"Lóòótọ́ ni," Ìyá dáhùn. "Ọwọ́ ni mo fi di ṣéènì yẹn mú."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gé ṣéènì náà. Alága ò kí Ìyá mọ́. Àbúrò rẹ̀ náà ráhùn: "Ẹ̀gbọ́n mi, eruku ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé o!"

Nígbà tí ìbò tún dé, Ìyá ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnì kankan ò yọjú. Ó bá lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìbò náà, ó mí kanlẹ̀, ó wá àga jókòó.