Ta Ló Ni Àlùbọ́sà?

Bàbá Tọ́lá, oṣù mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀ láyé. Àríyànjiyàn wa parí lónìí.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Greenspoint, lókè òkun níbí, ni Tọ́lá ti pariwo: "Mummy, àlùbọ́sà ti tán nílé o!"

Ọkùnrin Lárúbáwá tó ń tajà gbójú sókè. "Al-basal? Ṣé ẹ gbọ́ èdè wa ni?"

"Yorùbá ni jàre," ọmọ yín dáhùn. "Daddy mi ní ọwọ́ Hausa la ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. Mummy ò gbà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ wa ni Hausa ti yá a."

Bàbá Tọ́lá, ẹ̀yin lẹ jàre.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ wo lẹ tún rò pé tiwa ni?

Bàbá Tọ́lá, Yorùbá tí ẹ máa ń kọ́ Tọ́lá ní gbogbo Sátidé, mi ò ní jẹ́ kó dúró.