Gìgísẹ̀ Tí Kò Tẹlẹ̀

Títí di òní olónìí, bí mo bá gbóòórùn àtíkè, àyà mi á kọ́kọ́ já ná kí n tó rántí pé mo ti dàgbà. Àwọn ẹlòmíràn a gbóòórùn yẹn, ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni wọ́n á rántí. Èmi ò rí ọmọ tuntun kankan rántí o. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkìrun ni mo máa ń rántí, pẹ̀lú aṣọ dúdú gbọọrọ tí wọ́n tẹ́ láti ìdí ògiri dé ẹnu ọ̀nà, àti èmi tí mo dúró láìwọ bàtà, tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi funfun báláú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Ìnísà la sì ń gbé. Lọ́dún tó ṣáájú, mo ru iṣu bọ̀ láti oko, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí igi tí wọ́n fi ṣe afárá odò, egungun ojúgun mi ti òsì sì ṣẹ́. Ẹni tó ń to eegun tò ó, ó jinná, ṣùgbọ́n mò ń tiro, ó sì ń dùn mí bí ẹni pé nǹkan ń jẹ ẹ́ nínú. Ìgbà náà la gbọ́ pé àwọn ará Yunifásítì kan ń bọ̀ wá sí Ìkìrun, pé wọ́n ń wádìí bí ẹni tí eegun rẹ̀ ti ṣẹ́ rí ṣe ń rìn, àti ohun tí wọ́n lè ṣe kó lè rìn dáadáa. Tíṣà wa ló kọ orúkọ mi fún wọn.

Ìyá mi ò fẹ́ kí n lọ rárá. Ọkùnrin télọ̀ kan wà ní Òkukù tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀; ẹni tó ń fẹsẹ̀ wa máṣìnnì tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ló wá fi ń yí i. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ni pé òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún dókítà pé ìrora náà ti kọjá àfaradà. Nínú bọlẹ̀kájà tó gbé wa lọ sí Ìkìrun, ìyá mi fẹnu sí mi létí. Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ṣé ó ń dùn ọ́, sọ pé ó ti sàn. Ẹni tó bá ní ó ń dun òun ni wọ́n ń gé. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé n ò lè jẹ àkàrà tí wọ́n rà fún mi, èmi tí mo lè torí àkàrà jà!

Obìnrin tó ń ṣe ìwádìí náà, Yorùbá bíi tiwa ni, Àǹtí la sì ń pè wọ́n. Ojú wọn tutù, ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu wọn, ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù mi, torí mo rò ó pé ẹni tó fẹ́ gé ẹsẹ̀ èèyàn kò kúkú ní fajú ro. Wọ́n fi àtíkè kun àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì, wọ́n ní kí n rìn lórí aṣọ dúdú náà, wọ́n fi téèpù wọn ipa ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì yà á sínú ìwé. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Mo kúnlẹ̀, ìrora ta mí láti ojúgun dé itan. Mo ní, "Rárá mà. Ó ti sàn, a dúpẹ́."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sì ti ní kò dùn mí, wọ́n so àpò iyanrìn kékeré kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ náà sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀ láràárọ̀ nílé, kí iṣan rẹ̀ lè le. Lọ́sẹ̀ kejì a padà lọ, wọ́n bi mí, mo tún ní ó ti sàn, wọ́n sì bu iyanrìn kún un. O ò rí wàhálà! Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹsẹ̀ mi ti wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá mi ń rí i. Bí mo bá ń gbé àpò náà láàárọ̀, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gé e; bí a bá dákẹ́, á bàjẹ́ pátápátá, n ò sì ní rìn mọ́ láyé mi. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó sọ ọ́.

Nígbà tí a lọ lọ́sẹ̀ kẹta yẹn, mo rìn tán pẹ̀lú àpò iyanrìn náà lẹ́sẹ̀, Àǹtí ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kó àwòrán ọ̀sẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo aṣọ dúdú náà. Ipa ẹsẹ̀ mi ọ̀tún pé pérépéré, láti ọmọ ìka dé gìgísẹ̀. Ti òsì, ọmọ ìka nìkan ló tẹlẹ̀.

Wọ́n ní, "Gìgísẹ̀ rẹ dà?"

Yéè! Mo dúró bí olè tí wọ́n ká mọ́ oko. Àtíkè tí wọ́n fi kùn mí lẹ́sẹ̀ ti tú mi fó. Mo bú sẹ́kún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má gé e!"

Ìyá mi ti wà lórí eékún kí n tó sọ ọ́ tán. "Èmi ni mo kọ́ ọ mà," wọ́n ní. "Ọmọ mi ò mọwọ́mẹsẹ̀."

Àǹtí fa báàgì wọn mọ́ra. Wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wa: téèpù, pẹ́ńsùlù, agolo àtíkè méjì, ẹ̀pà tí wọ́n dì sínú ìwé. "Màmá, ẹ wò ó. Ọ̀bẹ dà níbẹ̀?" Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wá, wọ́n ń tú àpò iyanrìn náà kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀bi tèmi náà ni. Mo bi í bí ẹni ń kí èèyàn. Ta lèèyàn ń kí nílẹ̀ wa tó máa ń ní kò sàn?" Wọ́n sì fa ìlà kọjá lórí gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ nípa mi.

Láti ọjọ́ náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹsẹ̀ náà, àti fífà á jẹ́jẹ́jẹ́. Ó gbà tó ọdún kan kí gìgísẹ̀ mi tó padà sórí aṣọ dúdú yẹn, díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń tiro bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn lọ síbi ìgbéyàwó mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀bẹ tí kò sí nínú báàgì ẹnikẹ́ni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ mi lọ.

Nígbà tí ìyá mi darúgbó, mo lọ kí wọn ní Ìnísà. Mo ní ṣé ara le, wọ́n ní, "Ara le, a dúpẹ́." Ṣùgbọ́n wọn ò dìde láti dì mọ́ mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, àyà mi sì já gẹ́gẹ́ bíi ti ìjọ́sí. Mo rí agolo àtíkè wọn lórí tábìlì. Mo mú un, mo ṣí i, mo fẹ́ dà á sórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ kí wọ́n rìn lórí rẹ̀.

Wọ́n wo àtíkè, wọ́n wò mí, omi lé ròrò sí wọn lójú.

"Má wulẹ̀ da àtíkè mi nù," wọ́n ní. "Ó ń dùn mí."