Igún Méjì Ẹ̀yìn Ilé Ìpẹran

Òórùn ilé ìpẹran kò jọ òórùn mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì, ìgbẹ́ inú màálù, awọ tí wọ́n ń fi iná táyà sun, gbogbo rẹ̀ á pò mọ́ra, á sì lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn títí di ọjọ́ kejì. Òórùn yìí ni mo fi ń rántí ọdún tí mo pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ sílẹ̀ ní ilé ìwé wa ní Ìlọrin. Tí mo bá gbọ́ irú rẹ̀ lónìí, èébì á máa gbé mi. Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń fà á. Màá sọ ohun tó ń fà á.

Ọkùnrin méjì, obìnrin méjì ni wá. A ní olórí, ọmọkùnrin gíga kan tó ń lo gíláàsì, èmi sì ni akọ̀wé. Òfin mẹ́tàdínlógún ni mo kọ sí iwájú ìwé ẹgbẹ́, èyí àkọ́kọ́ sì ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín níbi tí ẹyẹ bá wà. Nígbà tí àwọn ojúgbà wa bá lọ wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé, àwa á tò sí etí irà, a ó máa ka lékeléke, a ó sì máa bára wa jà lórí bóyá mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àbí méjìlélọ́gbọ̀n. Mo ní fìlà aláwọ̀ ewé kan tí mo máa ń dé lé orí híjáàbù mi, mo gbà pé ó ń jẹ́ kí n jọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Mo rí fọ́tò rẹ̀ láìpẹ́ yìí, ẹni tó ń ta káàdì fóònù lẹ́bàá títì ni mo jọ.

Igún ló wá gbà wá lọ́kàn jù. A ti kà á lórí fóònù pé igún ń tán lọ nílẹ̀ wa, pé májèlé àti àwọn tó ń ta orí rẹ̀ fún àwọn olóògùn ló ń pa á run. Bàbá bàbá mi sì sọ pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òrùlé ilé ìpẹran kì í ṣófo, igún á tò síbẹ̀ bí àwọn tó ń dúró de ìrun. Oṣù méjì la fi wá a kiri, àwòdì nìkan là ń rí. Ọjọ́ tí a wá rí méjì lórí igi àràbà kan, lẹ́yìn ilé ìpẹran tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, olórí wa sunkún, èmi náà sunkún, lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tó sunkún. Wọ́n ti kọ́ ìtẹ́ sí ibi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti pínyà.

Kò sẹ́ni tó bá wa yọ̀. Ní kíláàsì wọ́n ń di imú tí a bá ń kọjá. Ìyá mi kò jẹ́ kí sálúbàtà mi kọjá ẹnu ọ̀nà. "Bọ́ ọ síta jàre! O fẹ́ gbé najasa, ẹ̀gbin yìí, wọ ibi tí à ń kírun? Nínú gbogbo ẹyẹ tí Ọlọ́run dá, igún lẹ rí? Wọ́n á máa pe ọmọ mi ní ẹlẹ́yẹ káàkiri àdúgbò." Mo fọ ẹsẹ̀, mo fọ sálúbàtà, mo sì ń sọ nínú mi pé ìyá mi kò lajú. Èmi ò rí ohun ìríra kankan lára igún. Mo mọ̀ pé tó bá ń bá ẹlòmíràn jà lórí ìfun, ojú rẹ̀ á pọ́n kíá bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí, lójú tèmi ìyẹn lẹ́wà.

Ẹni tí a kọ́kọ́ bẹ̀rù ní ilé ìpẹran ni olórí àwọn alápatà, bàbá kan tó sanra, tí ojú ọgbẹ́ ọ̀bẹ kún apá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta ló lé wa pé ká lọ kàwé wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó dúró tì wá, ó gbójú sókè, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹnì kan tún lè fẹ́ràn àwọn ẹyẹ yìí, pé láti kékeré ni òun ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ láràárọ̀. Òun ló sọ fún wa pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, tí àwọn alápatà bá ti da ìfun sí ẹ̀yìn. A bẹ̀ ẹ́ kó bá wa dáàbò bo igi náà, ó sì gbà. Ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má ju òkò mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì dé abẹ́ àràbà yẹn àfi àwa tàbí ẹni tí a bá rán. Èmi ni mo fi "ẹni tí a bá rán" yẹn kún un. Mo rò pé ó jọ ọ̀rọ̀ lọ́yà.

Nínú gbogbo àgbàlagbà ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi wá ṣẹ̀sín, àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní òpópónà Táíwò. Bùọ̀dá ni gbogbo wa ń pè é. Tí a bá ti kírun alásárì tán, ó máa ń jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ní kí n ka ìwé ẹgbẹ́ fún òun, á sì máa mi orí. Ó ra awò kan fún wa, irú èyí tí wọ́n máa ń fi wo ohun tó wà lókèèrè kó dà bíi pé ó wà nítòsí, ó ní ẹ̀bùn tòun nìyẹn. Inú mi dùn débi pé mo kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bíi bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wa, mo sì fi báírò pupa fàlà sí abẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ẹyin tí wọ́n ń sàba lé lórí pa. A rí orí kékeré kan tó ní irun múlọ́múlọ́ tó yọ láti inú ìtẹ́. Igún kì í yé ju ẹyin kan lọ lọ́dún, nítorí náà ọmọ kan yìí ni gbogbo ohun tí a ní. A ṣírò pé yóò ti máa fò kí òjò tó rọ̀ dáadáa, tó bá ṣáà ti rí òbí rẹ̀ bọ́ ọ títí dìgbà náà. Bùọ̀dá fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀. Ṣé àwọn méjèèjì jọ máa ń sọ̀kalẹ̀ ni àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé alápatà yẹn máa ń lé àlejò? Kí ni wọ́n fẹ́ràn láti jẹ jù? Mo ní fùkù ni, pé wọ́n á fi ìfun sílẹ̀ tí wọ́n bá ti rí fùkù. Mo tún ya àwòrán igi náà fún un, mo fi ọfà àti ọ̀rọ̀ tọ́ka sí ibi tí wọ́n máa ń bà sí. Ó ní orí mi pé. Mo gbàgbọ́ pẹ̀lú.

Ní Sátidé kan, a dé ẹ̀yìn ilé ìpẹran láàárọ̀, ariwo eṣinṣin la kọ́kọ́ gbọ́. Fùkù gígé wà káàkiri abẹ́ àràbà, ó ti ń dúdú, òórùn oògùn kòkòrò tí wọ́n máa ń bù sí ẹ̀wà ń jáde lára rẹ̀. Ajá méjì ti kú síbẹ̀, itọ́ funfun hó sí wọn lẹ́nu. Àwọn igún náà wà níbẹ̀. Wọn ò lórí mọ́. Ẹni tó gé e kò tilẹ̀ fara balẹ̀ gé e, ó sì ti fa ìyẹ́ ńlá ńlá apá wọn tu, bí ẹni tó ń kánjú tu adìẹ. Mo bì, mo tún bì, títí tí kò fi sí nǹkan kan nínú mi mọ́.

Ọmọ náà ṣì wà láàyè lókè. Ẹ̀gún wà lára àràbà yẹn láti ìsàlẹ̀. Olórí wa gbìyànjú àtigùn ún, ẹ̀gún ya á nítan. A lọ bẹ ọkùnrin kan tó máa ń gun ọ̀pẹ. Ó béèrè pé kí ló wà lókè, a sọ fún un, ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní òun ò lè tìtorí igún ṣẹ́ lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń lọ wo ọmọ náà nínú awò tí Bùọ̀dá rà. Tí òjìji àwòdì bá kọjá, á gbé orí, á ya ẹnu, á rò pé òbí òun ló dé. Ní ọjọ́ karùn-ún kò gbé orí mọ́.

Ṣùgbọ́n Sátidé yẹn gan-an, nígbà tí àwọn yòókù wà lábẹ́ igi, bàbá alápatà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ta ni ẹ rán wá lánàá? Ó ní ẹ̀yin lẹ rán òun, pé kí òun wá fún àwọn ẹyẹ lóúnjẹ. Ó dárúkọ rẹ. Mo rí àwòrán igi lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé inú ìwé yín ló wà lára ẹ̀. Ọ̀kadà pupa ló gùn, ó ní eyín wúrà kan."

Mo ti mọ̀ ọ́n kó tó dé orí eyín wúrà. Mo ní, "Bàbá, n ò mọ̀ ọ́n o."

Nígbà tí mo délé, Bùọ̀dá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń jẹun. Kò tilẹ̀ sẹ́. Ìyẹn ló ń rí mi lára jù títí dòní, pé kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun sẹ́. "Ṣé torí igún lo ṣe ń gbọ̀n báyìí? Wàláhì, ìwé yín dáa. Aago mẹ́wàá géérégé ni wọ́n sọ̀kalẹ̀, bí o ṣe kọ ọ́ náà ni. Àwọn kan ló ń wá orí ẹ̀ lọ́dọ̀ mi tipẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ọbẹ̀ yí i lẹ́nu, ó fa ẹran já nínú àwo rẹ̀, ó nà án sí mi pé kí n gbà. Mo kígbe pé òun gan-an ló ń rùn, kì í ṣe igún. Ìyá mi sáré jáde, ó fọ́ mi létí, ó ní ṣé àbúrò òun ni mo ń bú nítorí ẹyẹ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀, mo sì tọrọ rẹ̀.

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì rí. Fùkù ti ilé ìpẹran wá, kò sì sẹ́ni tó ń dé ẹ̀yìn yẹn láìgba àṣẹ bàbá alápatà, a jẹ́ pé òun ni. Olórí wa ní kí n kọ ọ́ sórí Fesibúùkù, nítorí èmi ni akọ̀wé. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ kan péré kí gbogbo rẹ̀ parí. Mo ro ilé wa, mo ro ìyá mi, mo ro bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe máa wò mí tí wọ́n bá gbọ́ pé bàbá ìsàlẹ̀ tí mo fi báírò pupa fàlà sí ni. Mo bá kọ ọ́. Mo kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú, mo fi fọ́tò bàbá náà sí i. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn èèyàn tí kò rí igún rí láyé wọn ń ṣépè fún un, wọ́n ń pè é ní ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara fún oògùn owó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀ kí orúkọ wọn má baà bàjẹ́.

Ó wá sí ẹnu géètì ilé ìwé wa lẹ́yìn náà, nínú jàlàbíà funfun tó mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wò mí, ó dúró kí n sọ̀rọ̀, mo sì ń wo ilẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ó ní "Ó dáa," ó sì lọ.

Ẹgbẹ́ wa kò lò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti dàgbà báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní Tanke, n kò sì tún rí igún mọ́ ní Ìlọrin. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kíláàsì mi kan ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ tó ń wo ẹyẹ sílẹ̀, kí n wá ṣe olùdarí wọn. Ojú wọn ń dán. Mo ní n kò ráyè.

Ní ọdún yẹn kan náà ni mo bá bàbá alápatà pàdé ní Ọ̀fà Gáréèjì. Ó ti gbẹ, ó ń pọ́n ọ̀bẹ fún àwọn tó ń ta ẹran lẹ́bàá títì. Òun ló kọ́kọ́ dá mi mọ̀. Ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó wá ní, "Ṣé ẹ ṣì ń rí wọn, àwọn ẹyẹ wa?" Mo ní rárá, Bàbá, wọn ò sí mọ́. Ó mi orí, ó ní ẹyẹ dáadáa ni wọ́n, wọn kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ní kí Ọlọ́run fún un lálàáfíà, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ.

Bùọ̀dá ń bẹ láyé. Ní gbogbo Iléyá ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí i níwájú ìyá mi, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ṣàdúà, èmi á ṣe àmín. Ara mi á bù máṣọ lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń rò pé òun ló ń kó mi nírìíra tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá dìde tán, tó ti jókòó sídìí oúnjẹ rẹ̀, ìríra náà ṣì máa ń wà lára mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i pé ìríra ara tèmi ni. Nítorí náà mo kọ èyí, bó tilẹ̀ pẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi kọ tìgbà yẹn: bàbá alápatà kọ́ ló pa àwọn igún wa. Àbúrò ìyá mi ni, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.