Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Láàárín Eré Ìje

Ọkùnrin tó ń kọ nọ́ńbà sí wa lápá kọ tèmi lẹ́ẹ̀mẹta, kò hàn. Ó wo máákà ọwọ́ rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún un kọ. Tàdáwà dúdú lórí apá dúdú, báwo ló ṣe fẹ́ kó hàn? Mo sọ fún un pé máákà rẹ̀ kò lẹ́bi, ara mi náà kò lẹ́bi. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, ó ní kí n máa lọ, nọ́ńbà tó wà lára fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ mi tó. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ eré ìje àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, létí adágún omi kan ní àríwá Ítálì, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí àrùn tó sé gbogbo wa mọ́lé tó dé.

Triathlon ni wọ́n ń pe eré náà, èyí tó kúrú nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní sprint. Wàá kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́ fún mítà 750, wàá bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ fún ogún kìlómítà, wàá sọ̀ kalẹ̀, wàá sáré kìlómítà márùn-ún. Kò sí ìsinmi láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ sinmi, ilé rẹ̀ ni kó jókòó sí.

Ẹ má bi mí pé kí ni mo lọ wá níbẹ̀, nítorí gbogbo ayé ló ti bi mí. Àbúrò kan tó ń ta gaàrí àti èlùbọ́ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin ní Padua ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnì kan ń lé yín ni?" Ọkọ mi, tó fi ogún ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Marghera títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ iṣẹ́, béèrè pé tí mo bá gbégbá orókè, kí ni wọ́n máa fún mi. Mo ní mi ò lè gbégbá orókè. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀, ó dìde, ó lọ tú apẹ̀rẹ̀ ìkẹ́rù kúrò níwájú kẹ̀kẹ́ mi kó lè fúyẹ́. Irú ọkùnrin tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń wá. Mo fẹ́ kí ọmọ mi obìnrin dúró láàárín èrò kó sì sọ ẹni tí mo jẹ́ sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo lọ díje, ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú piscina kan, ilé ìlúwẹ̀ẹ́, ní Padua. Via Anelli la kọ́kọ́ ń gbé, àwọn ilé tí wọ́n mọ ògiri irin yí ká kí wọ́n tó kó gbogbo wa kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ piscina yẹn sì ni iṣẹ́ gidi àkọ́kọ́ tí mo rí. Mò ń fọ ilé ìwẹ̀, mò ń yọ irun lójú ihò omi, mò ń nu ilẹ̀ kí àwọn oníwẹ̀ má baà yọ̀ ṣubú. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, pé apẹja ni bàbá mi, pé mo ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀sà kí eyín mi tó pé. Ẹni tó ń fọlẹ̀, ta ló máa bi í bóyá ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́?

Piscina yẹn náà ni mo fi ọmọ mi sí kó lè kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi lásìkò yẹn, ọmọ ọdún méjìlá sì ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá olùṣọ́nà, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo tẹ orúnkún, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Lásìkò yẹn gan-an ni ọmọ mi ń kọjá lọ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ta nìyẹn. Ọmọ mi ní, "La signora delle pulizie." Obìnrin tó ń fọlẹ̀. Kò wojú mi rárá.

Nígbà tá a délé, ó ní, "Mamma, qui non si fa." Pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, pé àwọn èèyàn á rò pé ẹrú ni mí. Mi ò lù ú, mi ò pariwo. Mo ní ó dáa. Ó dùn mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí i láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀nà kejì ni mò ń gbà kọjá kí ojú má baà tì í. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, síbẹ̀ inú ń bí mi sí ara mi lórí ẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́ nínú orúnkún títẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, mi ò sì ní tìtorí ẹnikẹ́ni bọ́ tèmi sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi pa ìlúwẹ̀ẹ́ tì. Nígbà tó yá, ó lọ sí yunifásítì ní Turin. Ọmọ dáadáa ni, ó ń pè mí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, èmi á sọ Yorùbá, òun á fi Italiano dáhùn. A ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn mọ́ láéláé. Ó kàn há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja ni.

Bí èmi alára ṣe padà sínú omi rèé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún èrò, kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kan sí ibi tó jìn jù nínú omi. Ọmọdébìnrin ni olùkọ́ náà, kò ju ọmọ mi lọ púpọ̀. Ó ń wá ọ̀pá ìwọ̀ kiri. Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú omi lọ tòun ti aṣọ iṣẹ́, mo gbé kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Ó lanu sílẹ̀. "Signora, ma Lei nuota!" Pé mo mà mọ ìlúwẹ̀ẹ́! Mo ní bẹ́ẹ̀ ni o, mo mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá mi dúró lẹ́yìn iṣẹ́. Orí mi máa ń wà lókè omi bíi ti àwọn tó ń wá ibi tí ọkọ̀ wà, òun ló kọ́ mi kí n da ojú dé omi, òun náà ló sì sọ̀rọ̀ eré ìje náà fún mi. Kẹ̀kẹ́ kò lè dá mi lágara, kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Eré sísá ni mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, létí odò, lẹ́yìn tí mo bá kírun àsùbáà. Ajá gbogbo àdúgbò mọ̀ mí. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kí wọ́n tó lè gbà mí sí eré náà ní ọkàn mi dà bíi ti ọmọ ogójì ọdún. Mo sọ ọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù gaàrí títí tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́."

Mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Mo fẹ́ lọ díje. Wá wò mí."

Ó bi mí bóyá òótọ́ ni mò ń sọ. "Mamma, sul serio?"

"Wá wò mí."

"Vengo," ó ní òun ń bọ̀.

Ó wá lóòótọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Turin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ó mú ọ̀rẹ́ méjì dání. Bí mo ṣe rí wọn, mo dá wọn mọ̀. Àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní piscina lọ́jọ́sí ni, tí wọ́n jọ wà ní Turin báyìí.

Omi adágún náà tutù, nítorí náà gbogbo wa ló wọ muta, aṣọ rọ́bà tó bo ara láti ọrùn dé kókósẹ̀, gbogbo wa ló sì kó irun sínú fìlà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo sọ fún ara mi pé lónìí gbogbo Ítálì ló múra bíi tèmi. Olùkọ́ mi wá bá mi létí omi. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun fẹ́ kí n rántí: tí mo bá ṣubú, kí n dìde fúnra mi, nítorí tí àwọn elétò ìlera bá ti gbé mi, wọ́n á gba nọ́ńbà mi, eré mi parí nìyẹn.

Omi kò tiẹ̀ ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n ń ta mí nípàá, mò ń ta wọ́n nípàá. Nígbà tó ṣe, mo bọ́ sí gbangba omi, apá mi rántí ọ̀sà, mo sì ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wà lẹ́yìn mi nígbà tí mo jáde. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wà lẹ́yìn mi. Ibi tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Bí mo ṣe bọ́ muta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ọwọ́ tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti ọdún mọ́kànlá kò lè ju aṣọ tó rin gbindin sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Olùkọ́ mi ń pariwo láti ẹ̀yìn okùn pé "Lascia, lascia!" pé kí n fi í sílẹ̀. Mo ká a tán kí n tó we gèlè pẹlẹbẹ sábẹ́ akoto.

Lórí kẹ̀kẹ́, gbogbo àwọn tí mo fi sílẹ̀ nínú omi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, fùrù, fùrù, lórí kẹ̀kẹ́ tó tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ìrẹ̀. Tèmi wúwo, ó sì ní aago. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo kọjá, mo sì tẹ aago fún un dáadáa.

Eré sísá ló wá kù. Oòrùn ti mú. Itan mi kò dà bí itan mi mọ́. Níbi kìlómítà kẹrin ni wọ́n gbé tábìlì omi sí. Bàbá arúgbó kan ló wà nídìí rẹ̀, yóò tó ẹni ọgọ́rin ọdún, irun rẹ̀ funfun báláú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, ó nà án sí mi. Ọwọ́ mi méjèèjì lọ gbà á, orúnkún mi sì tẹ̀. Díẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ o, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kò dúró síbi tí mo ní kó dúró. Orúnkún mi méjèèjì balẹ̀ sórí títì, pajápajá sì mú mi nítan lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kán omi kan kò dà nù nínú ife. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," mi ò sì lè dìde.

Ariwo ta. Àwọn elétò ìlera méjì gbé ibùsùn aláìsàn, wọ́n ń sáré bọ̀. Bàbá arúgbó náà fọwọ́ lérí, ó rò pé òun ló ṣe mí léṣe. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìrora ti gba gbogbo Italiano kúrò lórí mi. Ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn ku díẹ̀ kó kan èjìká mi. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Non la toccate!"

Ọmọ mi ti gba abẹ́ okùn wọlé. Ó dúró sáàárín èmi àtàwọn elétò ìlera, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn mí. "Non è caduta. Sta salutando." Pé mi ò ṣubú, pé mò ń kí bàbá náà ni, pé báyìí la ṣe ń kí àgbà nílé wa.

Ọ̀kan nínú wọn bi í pé ta lòun náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dé ẹ̀yìn okùn, wọ́n dúró.

"È mia madre."

Màmá mi ni. Kò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń pe èèyàn láti òdì kejì odò. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó sì sọ èdè tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Màámi, ẹ má kánjú. Ẹ mu omi yín. Ẹ dìde fúnra yín."

Mo mu omi. Mo fi ọwọ́ kan tẹlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì. Bàbá arúgbó náà tẹ orí funfun rẹ̀ ba fún mi. Mo sáré kìlómítà tó kù, bí a bá lè pè é ní eré. Ọmọ mi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ìta okùn pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, kò fọwọ́ kàn mí. Àwọn tó dé lẹ́yìn mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé mò ń sunkún.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà sí Turin nírọ̀lẹ́ yẹn, òun dúró tì mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò lè gun kẹ̀kẹ́, òun ló tẹ̀ lé mi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Olùṣọ́nà ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ti funfun. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo gbìyànjú láti tẹ orúnkún, itan mi kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kó gbójú fò ó fún mi lónìí.

Ọmọ mi bọ́ síwájú mi. Ó tẹ orúnkún méjèèjì, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́kọ́rọ́ náà.